Òwú Èédú Lára Alùpùpù

Sítíkà ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a rí ẹnì kan tó ń ta mọ́dígáàdì alùpùpù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní carbon fibre gidi ni. Owó tó pè é kì í ṣe kékeré, a sì san án. Nígbà tó dé, ọ̀kan nínú wa fi èékánná ha etí ẹ̀ wò, ni dúdú orí ẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í bó bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ike lásán ló wà nísàlẹ̀. Wọ́n kàn lẹ bébà aláràbarà mọ́ ọn ni. A pe ẹni tó tà á fún wa, fóònù ẹ̀ ò lọ mọ́.

Àwa mẹ́ta ni. Kọ̀ǹpútà la kà jáde ní yunifásítì, kóòdù la sì ń kọ jẹun. Kò sẹ́ni tó mọ ìdí ẹ́ńjìnnì nínú wa ju kéèyàn yí ọ́ìlì padà lọ. Ṣùgbọ́n inú bí wa débi pé a ní a máa ṣe tiwa fúnra wa. Bí àwọn tó ń kọ kóòdù ṣe máa ń ṣe, ká tó fọwọ́ kan nǹkan, a kọ́kọ́ lọ ka ìtàn ẹ̀: ta ló ṣe é, kí ló ń wá tó fi ṣe é, ibo ló ti bàjẹ́ rí? Ìtàn yẹn la fẹ́ sọ fún yín, torí ó dùn ju mọ́dígáàdì tí a ṣe lọ, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ló gba ẹsẹ̀ ọ̀kan nínú wa là.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí gílóòbù. Joseph Swan ní England àti Thomas Edison ní Amẹ́ríkà ń wá nǹkan tó lè tàn nínú gílóòbù láìjóná. Ní ọdún 1879, Edison sun òwú títí ó fi di èédú, ó fi sínú gílóòbù tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ jáde, iná sì tàn. Nígbà tó yá ó bọ́ sórí ọparun, èyí tó sì bá a lára mu jù ni ọparun tó ti agbègbè Kyoto wá ní Japan. Ẹ rò ó wò ná: òwú tí a sun di èédú, síbẹ̀ tó ṣì jẹ́ òwú. Ìpìlẹ̀ carbon fibre nìyẹn. Àmọ́ òwú ti Edison ò lágbára kankan, ẹ gbọn gílóòbù náà díẹ̀, ó ti já. Nígbà tí wọ́n rí tungsten lò, gbogbo ayé gbàgbé èédú.

Ó di ọdún 1958 kí ọ̀rọ̀ náà tó tún jí. Onímọ̀ físíìsì kan, Roger Bacon, ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí Union Carbide ní Parma, lẹ́bàá Cleveland ní Ohio. Carbon fibre kọ́ ló ń wá. Bí káábọ̀nù ṣe ń yọ́ lábẹ́ ooru àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ tó ga ló fẹ́ mọ̀. Inú ẹ̀rọ ẹ̀ ló ti bá àwọn fọ́nrán kan tó tín-ín-rín ju irun orí lọ fíìfíì, tí agbára wọn sì ju ti irin lọ ní ìlọ́po. Òun fúnra ẹ̀ ṣírò pé bí wọ́n bá ní kóun ṣe ìwọ̀n pọ́n-ùn kan péré, nǹkan bíi mílíọ̀nù 10 dọ́là ni yóò náni. Ẹ ò lè fi ìyẹn ṣe mọ́dígáàdì.

Ẹni tó mú un wá sílẹ̀ fún àwa mẹ̀kúnnù ni Akio Shindo ní Osaka, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Ó mú òwú PAN, irú ìbátan èyí tí wọ́n fi ń hun súwẹ́tà, ó sun ún di èédú. Títí dòní, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é nìyẹn: wọ́n á kọ́kọ́ yan òwú náà nínú afẹ́fẹ́ ní nǹkan bíi 200 sí 300 digirì kó má baà yọ́, wọ́n á wá gbé e lọ síbi tí kò sí ọ́síjìn, níbi tí ooru ti ju 1000 digirì lọ. Ní Farnborough ní England, William Watt àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní ilé ìwádìí ọkọ̀ òfuurufú ìjọba rí i pé bí a bá di òwú náà mú kó má lè sún kì nígbà tí a ń yan án, agbára ẹ̀ á pọ̀ gan-an. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ti fi ìyarun gbígbóná fà nírun rí nígbà ọdún Iléyá tàbí Kérésì máa lóye ohun tí Watt ṣe. Nígbà tó di ọdún 1971, Toray ní Japan ti ń ṣe é tà.

Ṣùgbọ́n òwú náà nìkan ò lè ṣe nǹkan kan. Ó rọ̀ bí aṣọ ni. Ẹ ronú nípa alágbàfọ̀ tó ń fi sítáàṣì sí agbádá: aṣọ rọ̀, sítáàṣì omi ni, àmọ́ bí méjèèjì bá pàdé tí wọ́n gbẹ, agbádá lè dá dúró fúnra ẹ̀. Aṣọ ló ń gbé agbára, sítáàṣì ló ń di aṣọ mú síbi tí a fẹ́ kó wà. Sítáàṣì ti carbon fibre ni epoxy, oje kan tó máa ń le bí òkúta bí a bá po hardener mọ́ ọn. Epoxy kì í sì í ṣe àlejò nílé wa. Àwọn ará Switzerland, ilé-iṣẹ́ Ciba, ló gbé Araldite jáde lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, kò sì sí mẹkáníìkì tí kò ní ọ̀pá rẹ̀ méjèèjì nínú àpótí irinṣẹ́.

Ibi tí ìtàn yìí ti mú wa lára jù ni ti Rolls-Royce. Lápá ìparí àwọn ọdún 1960, ilé-iṣẹ́ náà ń ṣe ẹ́ńjìnnì bàálù tuntun, RB211, fún bàálù TriStar ti Lockheed. Wọ́n fẹ́ kí abẹ̀bẹ̀ ńlá tó wà níwájú ẹ̀ fúyẹ́, wọ́n bá ní carbon fibre làwọn máa fi ṣe ìyẹ́ ẹ̀. Hyfil ni wọ́n sọ ọ́. Lórí bébà, gbogbo ẹ̀ pé pérépéré. Àmọ́ ẹyẹ máa ń kó sẹ́nu ẹ́ńjìnnì bàálù, dandan sì ni kí wọ́n dán an wò kí èrò tó wọ̀ ọ́. Bí wọ́n ṣe ń dán an wò ò ṣòro ṣàlàyé: wọ́n á fi ìbọn ńlá kan yin òkú adìẹ lu abẹ̀bẹ̀ náà níbi tó ti ń yí. Ní ọdún 1970 wọ́n yin adìẹ. Ìyẹ́ Hyfil fọ́ túútúú.

Wọ́n ní láti padà sórí titanium, tó wúwo jù ú lọ. Owó tí iṣẹ́ náà ti jẹ nígbà yẹn ti kọjá agbára wọn, iye tí wọ́n sì ti bá Lockheed ṣàdéhùn ò lè gbé e. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejì ọdún 1971, Rolls-Royce kógbá sílé fún gbèsè, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì gba iṣẹ́ náà. Ká má purọ́ mọ́ adìẹ o, adìẹ nìkan kọ́ ló wó ilé náà. Àmọ́ irú nǹkan yẹn ò ṣàjèjì sí àwa tí a ń kọ kóòdù. Ó ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ẹni tó kọ ọ́, gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́, ó dé ìta, ó fọ́.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn, nǹkan kan náà gba ẹ̀mí là. John Barnard fẹ́ ṣe ọkọ̀ ìdíje Formula 1 fún McLaren, èyí tí wọ́n pè ní MP4/1. Ó ní ihò tí awakọ̀ ń jókòó sí máa jẹ́ carbon fibre látòkè délẹ̀, ilé-iṣẹ́ Hercules ní Utah ló sì bá a ṣe é. Àwọn kan ń sọ pé bó bá kọlu ògiri, eruku ló máa dà. Ní Monza ní Ítálì lọ́dún 1981 yẹn kan náà, ọkọ̀ ré mọ́ John Watson lọ́wọ́, ó kọlu irin etí ọ̀nà, ẹ́ńjìnnì já kúrò lẹ́yìn ọkọ̀ pátápátá. Watson bọ́ sílẹ̀, ó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn lọ.

Kí ló dé tó fọ́ fún adìẹ tó sì dúró fún ògiri? Ìbéèrè yìí ò jẹ́ ká sùn ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Ìdáhùn ẹ̀ wà nínú aṣọ. Ẹ mú aṣọ òfì, ẹ fà á lóòró: kò mì. Ẹ fà á ní ìgun sí ìgun: ó fà gùn bí rọ́bà. Carbon fibre lágbára síbi tí òwú ẹ̀ kọjú sí nìkan. Ẹni tó ń ṣe é ló máa mọ ibi tí wàhálà máa gbà wọlé, kó tó tẹ́ òwú síbẹ̀, ìpele lórí ìpele. Nǹkan kejì ni pé irin máa ń kìlọ̀. Irin á tẹ̀ kó tó kán, ẹ̀ẹ́ rí i pé ó ti wọ́, ẹ̀ẹ́ sọ ọ́ nù. Carbon fibre kì í tẹ̀ báyẹn. Ó lè ti ya nínú kí ara ẹ̀ ṣì máa dán, lọ́jọ́ tó bá sì tó, ó kàn máa dá ni. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́, a máa padà sí i.

Ní ti alùpùpù, àwọn ará England ti fi ṣe férémù alùpùpù ìdíje Armstrong 250 ní àwọn ọdún 1980, Honda sì gbé NR jáde ní 1992 pẹ̀lú ara carbon fibre, ní iye tí àwa ò ní pè. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ ńlá nìyẹn. Ẹni tí a fẹ́ràn nínú ìtàn yìí wá láti Christchurch ní New Zealand, John Britten lorúkọ ẹ̀. Ọdún 1950 ni wọ́n bí i. Ó kọ́ iṣẹ́ ẹ́ńjìníà, ó sì ń fi ilé kíkọ́ àti títà ṣòwò, ó tún ń fọwọ́ ṣe àtùpà gíláàsì. Ìwé kíkà nira fún un láti kékeré, dyslexia ló ń bá a jà. Ọkùnrin yìí jókòó sínú gáréèjì ilé ẹ̀, ó ní òun máa ṣe alùpùpù ìdíje tó máa na ti Ducati. Àwọn ọ̀rẹ́ ń ti ibi iṣẹ́ wá bá a lálẹ́, wọ́n ń bá a ṣe é.

Kò fi kọ̀ǹpútà ya ara alùpùpù náà. Wáyà ló ń tẹ̀, tó ń fi gúlúù gbígbóná so pọ̀, tó ń rìn yí i ká, tó tún ń tẹ̀ ẹ́, títí ojú ẹ̀ fi gbà á. Òun àti àwọn ènìyàn ẹ̀ ló ṣe ẹ́ńjìnnì fúnra wọn. Alùpùpù náà, V1000, ò ní férémù, ẹ́ńjìnnì gan-an ni egungun ẹ̀yìn ẹ̀. Fọ́ọ̀kì iwájú, apá tó di táyà ẹ̀yìn mú, rímù méjèèjì, carbon fibre ni gbogbo wọn, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ṣe é. Rédíétọ̀ ẹ̀ wà lábẹ́ ìjókòó. Ìwọ̀n ẹ̀ jẹ́ kílò 138, ó sì lè sáré ju 300 kìlómítà ní wákàtí kan lọ.

Ní Daytona lọ́dún 1992, Andrew Stroud gun ún, ó ń bá Ducati wọ̀yá ìjà lójú gbogbo èèyàn kí alùpùpù náà tó kú mọ́ ọn lábẹ́. Ní 1993 wọ́n gba àmì-ẹ̀yẹ ayé fún eré sísá. Ní 1994 Stroud padà sí Daytona, ó sì borí. Lọ́dún 1994 yẹn kan náà, Mark Farmer kú lórí ọ̀kan nínú àwọn alùpùpù Britten níbi tí wọ́n ti ń múra sílẹ̀ fún ìdíje Isle of Man TT. A ò lè sọ ìtàn yìí ká fo ìyẹn. Britten fúnra ẹ̀ kú ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1995, jẹjẹrẹ awọ ara ló pa á, ẹni ọdún 45 ni. Mẹ́wàá péré ni àpapọ̀ V1000 tí wọ́n ṣe.

Àwọn èèyàn máa ń sọ ìtàn Britten bíi pé ẹnikẹ́ni tó bá ní gáréèjì àti ìgboyà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àwa ò gbà. Ó ní ìmọ̀, ó ní owó díẹ̀, ó ní ọ̀rẹ́ tó lọ́wọ́ nínú irin ju tiwa lọ, ọ̀pọ̀ nǹkan tó ṣe ló sì fọ́ kí èyí tó dúró tó dé. Ohun tí a mú lọ́dọ̀ ẹ̀ kéré jùyẹn lọ: pé ẹni tí kì í ṣe ilé-iṣẹ́ lè fọwọ́ kan nǹkan yìí.

A bẹ̀rẹ̀. Ní Ìkòròdú, bàbá kan wà tó ń fi fáíbà tún bọ́ńpà mọ́tò àti ara ọkọ̀ ojú omi ṣe. A gbé aṣọ carbon fibre wa lọ bá a. Ó fọwọ́ pa á, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, òfì dúdú lẹ gbé wá fún mi." A ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, ṣùgbọ́n èédú ni." Ó wò wá bí ẹni ń wo àwọn tí oòrùn pa.

Bàbá ló kọ́ wa ní mọ́òdù, ìyẹn ohun tí a fi ń yọ ẹ̀dà nǹkan bíi ti àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù. A fi mọ́dígáàdì tí alùpùpù náà bá wá láti ilé-iṣẹ́ ṣe é: a fọ̀ ọ́, a fi ìda kùn ún, a tẹ́ fáíbà lé e lórí, nígbà tó gbẹ a yọ ọ́. Àwọn alágbẹ̀dẹ idẹ Ifẹ̀ náà lo ìda nígbà tí wọ́n ń ṣe àwọn orí yẹn, àmọ́ tiwọn ń yọ́ jáde, mọ́òdù wọn sì ń fọ́ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kan. Tiwa ṣeé lò lẹ́ẹ̀mejì. Ó yẹ kó ṣeé lò lẹ́ẹ̀mejì ni ká sọ. Bàbá ti kìlọ̀ pé, "Ìda tí ẹ ò bá fi kùn ún tó, òòlù lẹ máa fi san án." Ẹ̀ẹ̀mejì la kùn ún, a ń kánjú. Mọ́dígáàdì àkọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ inú ẹ̀ pinpin. A fi òòlù san án.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì ò gbẹ. Bàbá máa ń fi ojú wọn oje fáíbà, ọgbọ́n ọdún ti kọ́ ojú yẹn. Àwa náà fi ojú wọn epoxy. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ó ṣì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Epoxy ò gbọ́ àwàdà: iye hardener tí wọ́n kọ sára agolo ni kẹ́ ẹ fi òṣùwọ̀n wọ̀n. Nígbà tí a wá ra òṣùwọ̀n, a po púpọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan náà nínú kọ́ọ̀bù ike. Oje yẹn máa ń gbóná fúnra ẹ̀ bó bá ń le, tó bá sì pọ̀ níbì kan ooru ẹ̀ ò rí ibi gbà jáde. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ó ń rú èéfín, kọ́ọ̀bù yọ́ sórí tábìlì. Látìgbà yẹn, díẹ̀díẹ̀ la ń po ó, nínú abọ́ pẹrẹsẹ.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló jáde. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fíríìjì àlòkù la fi fa afẹ́fẹ́ kúrò nínú ọ̀rá tí a fi dì í, kí ọ̀rá lè tẹ aṣọ mọ́ mọ́òdù kí oje tó pọ̀ jù sì sun jáde. Nígbà tí a ń gé etí ẹ̀, a wọ ìbòmú, a wọ ìbọ̀wọ́, a sì gbàgbé kọ̀ǹpútà alágbèéká tó wà lórí tábìlì kejì. Eruku èédú yìí ń gbé iná mànàmáná. Kọ̀ǹpútà náà ò tàn mọ́ títí dòní. Àmọ́ mọ́dígáàdì náà dára! Ìwọ̀n ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì ti ilé-iṣẹ́. Bàbá gbé e sókè, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ní, "Ó mà fúyẹ́ o."

Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú wa, òun náà ló máa ń gun alùpùpù jù, ní ká ṣe irin tó gbé ìtẹsẹ̀ dúró. Àwa méjì tó kù ní rárá. Ó ní Britten ṣe rímù. A ní Britten kọ́ iṣẹ́ ẹ́ńjìníà. Ó ní Ducati fi ṣe férémù alùpùpù MotoGP wọn ní 2009, Casey Stoner sì gbégbá orókè lórí ẹ̀. A ní nígbà tí Valentino Rossi dé ibẹ̀ ní 2011, kò gbádùn ẹ̀, wọ́n sì padà sórí aluminium. Ó ní a kàn ń bẹ̀rù ni. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta tí a ò fi bára wa sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp.

Níkẹyìn a gbà láti ṣe é, kí a sì dán an wò nílẹ̀ kó tó dé ara alùpùpù. Ìpele mẹ́wàá la tẹ́. Ó dán, ó dúdú, ó lẹ́wà ju ti ilé-iṣẹ́ lọ. A fi fáìsì Bàbá dì í mú, a fi irin gígùn kan sí ibi tí ẹsẹ̀ máa wà, ọ̀rẹ́ wa sì gun orí ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó gbé e. Ó fò sókè lẹ́ẹ̀kan, ó gbé e. Ó rẹ́rìn-ín sí wa. Ó fò lẹ́ẹ̀kejì, ó gbé e. Ẹ̀ẹ̀kẹta, a gbọ́ gbàù, ọ̀rẹ́ wa ti wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò tẹ̀, kò ké, kò fi àmì kankan hàn wá. Nígbà tí a wo ibi tó ti kán, a rí i pé òwú gbogbo ìpele mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló kọjú síbì kan náà. Torí pé ó máa rẹwà lójú la ṣe tẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bàbá ló kọ́kọ́ lanu. Ó bi ọ̀rẹ́ wa pé, "Ká ní ojú títì ńkọ́?" Ó sì padà sídìí bọ́ńpà tó ń tún ṣe.

Mọ́dígáàdì ṣì wà lára alùpùpù. A fi rọ́bà sáàárín òun àti nọ́ọ̀tì aluminium, torí carbon fibre máa ń jẹ aluminium bí omi bá wà láàárín wọn. Irin ìtẹsẹ̀ ilé-iṣẹ́ la dá padà. Èyí tó kán wà lórí tábìlì tí a ti ń kọ kóòdù, ìdajì kan lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ wa, ìdajì kan lọ́dọ̀ tiwa. Aṣọ tó kù tó ìwọ̀n mítà kan. A fẹ́ fi ṣe ìbòrí ṣéènì, a sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya bí òwú á ṣe kọjú, ìpele kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni tó ṣí agolo oje.